Ẹni Tó Wọ Fíftíìn Lọ́jọ́ Náà

Èmi kì í ṣe ẹni tó máa ń tètè dárí jini. Mo yáa sọ ọ́ ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ọ̀rọ̀ ìwúrí ni mo fẹ́ sọ. Nígbà tí wọ́n ní wọ́n fẹ́ ṣe fíìmù nípa wa, àwa ọmọbìnrin tó gbá básíkẹ́ẹ̀tì fún ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan níbí ní nǹkan bí ọdún méjìdínlógún sẹ́yìn, inú mi dùn fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ẹni tó ta ìtàn náà fún wọn. Mo gbé abọ́ oúnjẹ tí mò ń jẹ lọ́wọ́ tì.

Ọ̀gá eré ìdárayá wa àtijọ́ ni. Ó ti fẹ̀yìn tì, ó ti dàgbà, irun rẹ̀ ti funfun, gbogbo ènìyàn sì ń pè é ní bàbá. Èmi kì í pè é bẹ́ẹ̀.

Mi ò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, wọ́n kúkú ti yí orúkọ rẹ̀ padà. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni nínú wa pẹ̀lú, kì í sì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà mí. Àwa gan-an kì í pe ara wa lórúkọ. Nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn jẹ́sì wa la fi ń pe ara wa, láti Fọ́ọ̀ títí dé Fíftíìn. Èmi tí mo jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ni Fọ́ọ̀. Fíftíìn ni ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Yàgbà, òun ló ga jù nínú wa. Bó bá nawọ́ sókè, ńṣe ni àwa yòókù máa ń dà bí ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi lábẹ́ rẹ̀.

Ọ̀gá wa ló bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà pípè yẹn. Àwa sọ ọ́ di eré, àmọ́ tirẹ̀ kì í ṣe eré, torí pé kò mọ orúkọ ẹyọ ẹnì kan nínú wa. Á gbé àga rẹ̀ sábẹ́ igi máńgòrò, á máa jẹ ẹ̀pà. Bó bá fẹ́ bá ẹnì kan wí, á kọ́kọ́ na ọrùn yẹ ẹ̀yìn onítọ̀hún wò kó tó lanu. Lọ́jọ́ Sunday kan, mo wọ ìró àti bùbá, mò ń ti ṣọ́ọ̀ṣì bọ̀, mo pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, mo sì kúnlẹ̀ kí i dáadáa. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Òun náà ló ń pín yàrá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì ní bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ yàrá ni mo bá wá, kí n padà wá lọ́jọ́ Monday. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Monday náà, mo wọ jẹ́sì, ó sì ń pariwo Fọ́ọ̀, Fọ́ọ̀, bí ẹni pé òun ló sọ mí lórúkọ. Mo ròyìn rẹ̀ fún àwọn yòókù, a sì rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn wá. Mi ò mọ̀ pé ó máa wúlò fún mi lọ́jọ́ iwájú.

Pápá kọnkéré tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù kì í ṣe tiwa nìkan. Àwọn ìyá Oworo tí ilé wọn wà lẹ́yìn ọgbà máa ń sá láfún sí i láti òwúrọ̀, torí pé kò síbi tí ilẹ̀ ti tẹ́jú tó sì gbóná tó bẹ́ẹ̀ ní gbogbo àyíká. Àwọn ọkùnrin ló ni pápá ní ìrọ̀lẹ́. Ohun tó ṣẹ́ kù fún àwa obìnrin ni aago méjì sí aago mẹ́rin ọ̀sán, nínú oòrùn Lọ́kọ́jà. Ọ̀gá wa ló pín in bẹ́ẹ̀. A wá bá àwọn ìyá náà ṣe àdéhùn: bó bá ti di aago méjì, àwa fúnra wa á bá wọn kó láfún sínú àpò, a ó gbálẹ̀, a ó sì bẹ̀rẹ̀ eré. Bó ti wù kí a gbálẹ̀ tó, ẹsẹ̀ wa á ṣáà funfun dé orúnkún. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn ń pè wá ní ẹlẹ́láfún. Èmi ló kọ́ àwọn tó kù ní ìwọ̀nba ohun tí mo mọ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ girama. Àwọn ìyá náà á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, wọ́n á máa tọ́ka ẹni tó sáré dáadáa àti ẹni tó ń ṣọ̀lẹ. Kóòṣì mìíràn wo la tún ní? Ọkùnrin tó wà lábẹ́ máńgòrò kò mọ iye ènìyàn tó yẹ kó wà nínú pápá lẹ́ẹ̀kan náà.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, gbogbo ẹgbẹ́ tí wọ́n ní ká wá pàdé la nà. Kò sẹ́ni tó retí rẹ̀, àwa pàápàá kò retí rẹ̀. A dé àṣekágbá. Ó ku díẹ̀ kí ìdajì àkọ́kọ́ parí ni Fíftíìn fò sókè láti gba bọ́ọ̀lù, ó balẹ̀ sórí ẹsẹ̀ ẹnì kan, orúnkún rẹ̀ sì yí. Mo gbọ́ ìró rẹ̀ níbi tí mo dúró sí. Ojú wa báyìí ni orúnkún náà ṣe wú. A gbé e jókòó, a fi omi tútù sí i, ó sunkún díẹ̀, ó sì dákẹ́. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́ta kí gbogbo rẹ̀ parí, wọ́n fi àmì márùn-ún ṣíwájú wa. Ọ̀gá wa dìde lórí àga. Ó na ọrùn wo ẹ̀yìn ọ̀rẹ́ mi.

"Fíftíìn, wọlé."

Mo ní, "Sà, kò lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀."

Ó ní bí kò bá wọlé, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó máa rí yàrá sùn nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ní sáà tó ń bọ̀. Ó mọ̀ pé ọmọ tálákà ló pọ̀ jù nínú wa, a ò sì lágbára láti gba yàrá níta ọgbà, ní Adankolo. Fíftíìn gbọ́ ọ. Ó fi ọwọ́ ti èjìká mi, ó dìde, ó wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n lórí ẹsẹ̀ kan kó tó ṣubú, àmì kan ṣoṣo la sì fi borí. Àwọn ènìyàn ya bo inú pápá. Òun nìkan ni kò lè dìde gba ife.

Bọ́ọ̀sì tó gbé wa padà kò yà sí ilé ìwòsàn. Ilé ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ ló kọ́kọ́ gbà lọ, kí ọ̀gá wa lè gbé ife fún un, kí wọ́n sì ya fọ́tò. Fíftíìn nà gbalaja lórí ìjókòó ẹ̀yìn, ó ń jẹ ètè rẹ̀. Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mò ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí orúnkún náà bí ẹni pé atẹ́gùn ló ń wá.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́tà jáde. Ilé-ẹ̀kọ́ máa ń tọ́jú ẹni tó bá fara pa nídìí eré ìdárayá, ṣùgbọ́n wọ́n á ṣèwádìí kí wọ́n tó ṣe é, ìwádìí náà á sì bi ọ̀gá wa ní ìdí tó fi dá ẹni tí orúnkún rẹ̀ ti yí padà sínú pápá. Ó yáa kọ ọ́ sórí ìwé ilé-ẹ̀kọ́, ó lu òǹtẹ̀ lé e, pé Fíftíìn ti já bọ́ lórí ọ̀kadà ọkùnrin kan lọ́jọ́ tó ṣáájú àṣekágbá, àti pé ó fi í pa mọ́ fún òun. Wọ́n fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni bàbá náà, ohun tí wọ́n bá sì kọ sórí ìwé tí òǹtẹ̀ wà lára rẹ̀, ó ti gbà á gbọ́ nìyẹn. Kò pariwo mọ́ ọmọ rẹ̀. Ó kàn jáwọ́ nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni, ó sì kú lẹ́yìn ọdún mẹ́rin láìbi í léèrè nǹkan kan. Títí di òní, orúnkún yẹn kì í ká. Fíftíìn ń ránṣọ ní Kpata, ẹsẹ̀ kan ló fi ń tẹ ẹ̀rọ.

Ìyá rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ìyá kò bínú sí i rí, ìyẹn gan-an ló sì burú jù. Bí ìyá bá fẹ́ sọ ìgbà tí nǹkan kan ṣẹlẹ̀, á ní kí ọ̀kadà tó gbé e ṣubú ni, tàbí lẹ́yìn tí ọ̀kadà gbé e ṣubú. Fíftíìn ti ṣàlàyé títí ó fi rẹ̀ ẹ́. Bó bá tún bẹ̀rẹ̀, ìyá á fọwọ́ pa á lórí, á ní ó ti tán, òun ti dárí jì í. Mo ti rí ojú ọ̀rẹ́ mi nígbà tí wọ́n ń dárí ohun tí kò ṣe jì í. Ibẹ̀ ni ìbínú mi ti ń jẹun.

Àwọn onífíìmù dé láti Àbújá. Wọ́n ń wá ẹni tó máa kọ́ àwọn òṣèré bí wọ́n ṣe ń di bọ́ọ̀lù mú. Torí pé mo máa ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan ní básíkẹ́ẹ̀tì nítòsí ilé mi ní Otokiti lọ́jọ́ Saturday, wọ́n júwe mi fún wọn. Mo gba ìsinmi níbi iṣẹ́ ìjọba mi. Mi ò purọ́ fún ara mi: kì í ṣe torí ìfẹ́ bọ́ọ̀lù ni mo ṣe gbà.

Mo ka ìwé eré náà ní ìjókòó kan. Àgbà ọ̀gá onífẹ̀ẹ́ kan wà níbẹ̀ tó ń jí lówùúrọ̀ kùtùkùtù láti kọ́ àwọn ọmọ aláìní ní bọ́ọ̀lù. Kò sí láfún, kò sí ìyá Oworo kankan. Ọmọ gíga kan wà níbẹ̀ tí kò gbọ́ràn, tó gun ọ̀kadà tẹ̀ lé ọkùnrin, tó sì ṣubú. Ọ̀gá náà gbé e pọ̀n dé ilé ìwòsàn, ó ń sunkún lọ lójú títì. Mo pa ìwé náà dé, mo jáde síta, mo tutọ́.

Òṣèré tí wọ́n fún ní ipò Fíftíìn kò dé èjìká Fíftíìn. Orí àpótí ni wọ́n ń gbé e dúró sí. Èékánná àlẹ̀mọ́ ọwọ́ rẹ̀ gùn bíi ṣíbí, bí bọ́ọ̀lù bá sì ń bọ̀, ojú ló máa ń kọ́kọ́ dì. Ọmọ dáadáa ni, mi ò bá a jà. Mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jù ú, ó sì gbìyànjú.

Mo kọ́kọ́ gbìyànjú láti fi ẹnu tún un ṣe, mi ò ṣàì sọ ọ́. Olùdarí fíìmù náà jẹ́ obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀, onínúure, tí omijé kì í jìnnà sí lójú. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un lábẹ́ ibòji kan. Ó gbọ́ mi, àánú sì ṣe é. Ó wá ní àwọn ti bá bàbá tọwọ́ bọ̀wé, òun ló ni ìtàn, àti pé ọ̀rọ̀ ọ̀kadà wà ní àkọsílẹ̀. Ó fa ìwé kan yọ nínú fáìlì rẹ̀. Lẹ́tà yẹn kan náà ni. Ọkùnrin náà ti tọ́jú ẹ̀dà tirẹ̀ láti ọdún wọ̀nyí wá, òǹtẹ̀ rẹ̀ ṣì hàn ketekete. Mo mọ̀ lọ́jọ́ náà pé ẹnu kọ́ ni màá fi jà.

Nígbà tí iṣẹ́ ku ọjọ́ díẹ̀ kó parí, olùdarí pè mí. Ó ní irú fíìmù báyìí, wọ́n máa ń mú àwọn tó ni ìtàn gan-an jáde lópin. Ó fẹ́ kí n kó àwọn ẹlẹgbẹ́ mi àtijọ́ jọ sí pápá. A ó to ara wa ní ìlà nínú jẹ́sì tuntun, a ó kọjú sí àwọ̀n, ẹ̀yìn wa á sì wà lọ́dọ̀ ẹ̀rọ ayàwòrán. Ọ̀gá wa á rìn wọlé láti ẹ̀yìn, á fọwọ́ kan Fíftíìn léjìká, Fíftíìn á yíjú padà, wọ́n á sì dì mọ́ra. Kò fẹ́ kí bàbá rí wa ṣáájú, kí omijé rẹ̀ má baà jẹ́ ti òṣèré. Nígbà tí mo sọ pé a ò lè pé méjìlá mọ́, torí pé ẹnì kan ti kú, àwọn kan sì wà lókè òkun, ó ní kí n fi obìnrin èyíkéyìí tí ọjọ́ orí rẹ̀ sún mọ́ tiwa dí àyè wọn. Ó wá gbé àpò jẹ́sì náà lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n pín in.

Èrò náà wọ orí mi bí mo ṣe gba àpò yẹn. Ọkùnrin tí kò mọ ojú wa nígbà tó ń rí wa lójoojúmọ́, ṣé ó máa wá mọ̀ ọ́n báyìí?

Mo gba Kpata lọ bá ọ̀rẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù. Mo ní kó wọ Tẹ́ẹ̀nì, kí n fún ẹlòmíràn ní Fíftíìn. Ó wò mí, ó lóye rẹ̀, ó sì bú sẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀ tí sísọ́ọ̀sì fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹ̀rín náà fi kúrò lójú rẹ̀.

Ó ní, "Bó bá ti dì mọ́ ẹni yẹn tán, èmi á bọ́ síwájú. Gbólóhùn kan péré ni màá sọ. Kì í ṣe ọ̀kadà. Ìyá mi á gbọ́ ọ nínú fíìmù, á gbà á."

Ìyá rẹ̀ rí bí bàbá rẹ̀ ti rí, ó yé mi. Ohun tí gbogbo ayé bá ti rí ni wọ́n ń gbà gbọ́. Mo búra fún un pé ó máa sọ ọ́. Ó ní kí n tún búra, mo sì tún búra.

Obìnrin Nupe kan ni mo fún ní Fíftíìn, ẹlẹ́ja tó ń tà létí odò ní Kpata. Ó ga bí ọ̀rẹ́ mi, kò sì fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù rí. Kò sí ilé tó ń jẹ ẹja ní Lọ́kọ́jà tí kò mọ̀ ọ́n, ẹnu rẹ̀ sì lágbára débi pé àwọn oníbàárà máa ń san owó kí wọ́n tó wò bóyá ẹja náà tutù. Mo ní kó wá dúró nínú fíìmù. Ó bi mí bóyá wọ́n á fún òun lóúnjẹ. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ó sì ti ilẹ̀kùn sórí ẹja.

Ọjọ́ pé. A tò, a kẹ́yìn. Ọkùnrin náà wọlé pẹ̀lú kàfùtáànì funfun, ó ń rìn jẹ́jẹ́ bí ẹni tó ń lọ gbàdúrà. Mo yọjú wò ó láti ẹ̀gbẹ́. Mo rí i tó na ọrùn, tó ń wo ẹ̀yìn wa lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tó fi rí ohun tó ń wá. Ó fọwọ́ kan ẹlẹ́ja léjìká. Ẹlẹ́ja yíjú padà. Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀ kòrókòró, ó sì bú sẹ́kún.

Ó ní, "Ọmọ mi, ọmọ tí mo gbé pọ̀n."

Ẹlẹ́ja rọra ń gbá a lẹ́yìn, ó ń ní kó máa fara balẹ̀, bí ẹni ń pàrọwà fún oníbàárà tí ẹja rẹ̀ bọ́ sínú iyẹ̀pẹ̀. Olùdarí ń sunkún. Ẹni tó di ẹ̀rọ mú ń fi apá aṣọ nu ojú. Ẹ̀rín ń gbé mi lọ́fun, mo fi eyín di ahọ́n mi mú.

Ìgbà náà ni Fíftíìn, nínú jẹ́sì Tẹ́ẹ̀nì, gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ tó le yẹn síwájú láti sọ̀rọ̀. Ohun tí mo rò ní ìṣẹ́jú àáyá yẹn nìyí, mi ò ní bò ó: bó bá sọ̀rọ̀ báyìí, wọ́n á dá ẹ̀rọ dúró, ọkùnrin náà á ní ojú òun ti ń ṣe bàìbàì, wọ́n á tún un yà, ọ̀rọ̀ á sì tán síbẹ̀. Bó bá dákẹ́, fíìmù náà á jáde bẹ́ẹ̀, gbogbo Lọ́kọ́jà á rí bàbá onífẹ̀ẹ́ tó ń sunkún lọ́rùn ẹlẹ́ja. Mi ò fẹ́ kó kàn tijú níwájú ènìyàn ogún. Mo fẹ́ kí gbogbo ìlú rí i. Mo na ọwọ́, mo di ọwọ́ ọ̀rẹ́ mi mú, mo fún un pinpin. Ó wò mí. Mo mi orí. Olùdarí pariwo pé ó ti tó, ó ti dára jù, wọ́n sì pa ẹ̀rọ.

Nínú kẹ̀kẹ́ tó gbé wa padà, mo ṣàlàyé fún un bí yóò ṣe dùn tó lọ́jọ́ tí wọ́n bá fi í hàn. Ó gbọ́ mi tán.

Ó ní, "O búra fún mi lẹ́ẹ̀mejì."

Mo ní ó ń bọ̀ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó yíjú sí ojú ọ̀nà títí a fi dé Kpata.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, wọ́n kó fíìmù náà wá sí gbọ̀ngàn kan nílùú, lọ́sàn-án ọjọ́ Saturday. Gbọ̀ngàn kún. Ọ̀gá wa wà lórí àga iwájú, wọ́n ń bẹ̀rẹ̀ kí i lọ́tùn-ún lósì. Ẹlẹ́ja wà láàárín èrò pẹ̀lú àwọn ará ọjà rẹ̀. Fíftíìn ti ránṣẹ́ mú ìyá rẹ̀ wá láti Yàgbà. Ìyá rí mi, ó kí mi ní okun, okun, bí àwọn ará Yàgbà ṣe ń kíni, ó bèèrè àwọn ọmọ, ó sì jókòó sáàárín àwa méjèèjì. Ara mi kò balẹ̀ torí ayọ̀. Mò ń ka ìṣẹ́jú.

Ibi ọ̀kadà ló kọ́kọ́ dé. Ọmọ tó dúró lórí àpótí yẹn gun ọ̀kadà lẹ́yìn ọkùnrin, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ṣubú. Ìyá Fíftíìn mi orí. Ó na ọwọ́, ó sì fi pa itan ọmọ rẹ̀.

Ìyá ní, "Ṣé o rí i, wọn ò fi pa mọ́. Ó ti tán, mo ti dárí jì ọ́."

Ìgbà yẹn ni ayọ̀ mi kọ́kọ́ dín kù. Mi ò lè wo apá ibi tí ọ̀rẹ́ mi wà.

Ìparí dé. Pápá wa yọ, ẹ̀yìn wa méjìlá yọ, ọkùnrin náà rìn wọlé. Wọ́n kọ ọ́ sísàlẹ̀ ojú fíìmù pé bàbá àti ọmọ rẹ̀ pàdé lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Ẹlẹ́ja yíjú padà. Ẹnì kan sọ láti ẹ̀yìn pé, "Ah-ah, no be our fish woman be dat?" Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn, ó yí dé àárín, ó dé iwájú. Àwọn ènìyàn ń lu àga. Àwọn kan dìde kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín dáadáa. Ẹlẹ́ja fúnra rẹ̀ dìde, ó fọwọ́ lé ìbàdí, ó ní òun ò fọwọ́ kan bọ́ọ̀lù rí láyé òun, ẹja lòun ń tà. Ọkùnrin náà rò pé wọ́n ń yẹ́ òun sí ni. Ó dìde, ó kọjú sí èrò, ó ń juwọ́.

Gbogbo ohun tí mo fẹ́ láti ọdún méjìdínlógún, mo rí i níwájú mi. Ó dùn mọ́ mi, ó dùn mọ́ mi gidigidi. Mo rẹ́rìn-ín débi tí omi fi bọ́ lójú mi.

Ìyá kò rẹ́rìn-ín. Ará oko ni, kò mọ ẹlẹ́ja. Ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó bi ọmọ rẹ̀ pé, "Ta ni obìnrin tí ọ̀gá rẹ ń dì mọ́ra yìí? Ìwọ ńkọ́?"

Fíftíìn fẹ́ dìde. Mo na ọwọ́ láti ràn án lọ́wọ́ bí mo ti máa ń ṣe láti ọjọ́ yìí. Kò gbà á. Ó fi ọwọ́ ti ẹ̀yìn àga tó wà níwájú, ó gbé ara rẹ̀ nílẹ̀, ó sì ń wọ́ ẹsẹ̀ yẹn lọ sí iwájú. Àwọn tó mọ̀ ọ́n dákẹ́. Àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí àwọn tó dákẹ́, àwọn náà dákẹ́. Ó dúró níwájú ọkùnrin náà.

"Ẹ káàsán, sà. Èmi ni Fíftíìn. Kì í ṣe ọ̀kadà."

Ọkùnrin náà wo ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbogbo wa rí i, ó na ọrùn sí ẹ̀gbẹ́, ó ń yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Nọ́ńbà ló ń wá. Aṣọ àǹkárá tí ọ̀rẹ́ mi fọwọ́ ara rẹ̀ rán ló rí níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Ó mú fìlà rẹ̀, ó gba ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ jáde, olùdarí sì fi ọwọ́ méjèèjì bojú.

Fíftíìn padà wá síbi ìjókòó. Ìyá ti gbọ́ ohun tó sọ. Ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó wò ó fún ìgbà pípẹ́, mo sì rí i pé ó fẹ́ gbà á gbọ́.

Ìyá ní, "Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ló dé tí o ò sọ ọ́ nínú fíìmù níbi tí gbogbo ayé á ti gbọ́ ọ?"

Ọ̀rẹ́ mi gbójú sókè, ó wò mí. Ó lè sọ ọ́. Gbogbo ẹ̀tọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, "Wọn ò fún mi láyè, ìyá."

Mi ò kábàámọ̀ pé ojú ti ọkùnrin náà. Kì í wá sí Kpata mọ́, ńṣe ló ń rán ènìyàn wá ra ẹja, ẹlẹ́ja a sì ní kí wọ́n bá òun kí bàbá òun. Bí mo bá gbọ́ ọ, ara mi á yá fún odindi ọjọ́ kan. Àmọ́ fíìmù náà ń lọ káàkiri ìlú mìíràn bó ṣe wà. Níbi tí wọn ò ti mọ ẹlẹ́ja, wọ́n ń sunkún sí i ni, ọ̀kadà sì ṣì ń gbé ọ̀rẹ́ mi ṣubú lójoojúmọ́. Ìyá ti padà sí Yàgbà. Mi ò mọ èyí tó gbà gbọ́, mi ò sì láyà láti bèèrè.

A ṣì ń rí ara wa. Mo ṣì máa ń yà sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ bí mo bá ti ibi iṣẹ́ bọ̀, mo máa ń jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, a ó sì jọ máa sọ̀rọ̀. Bí mo bá ti rí i tó fẹ́ lanu, mo máa ń fi ọwọ́ mi méjèèjì sábẹ́ itan, kí n sì jókòó lé wọn títí á fi sọ̀rọ̀ tán.